Ajá Onírun Kíká Tí Àbúrò Mi Mú Wá fún Bàbá

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ìyá wa kú ni mo mú wọn wá sí ilé mi ní Ìlobù, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Èmi ni mò ń gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná, èmi ni mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èmi ni mò ń gé èékánná wọn. Tíṣà ni àwọn náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu wọn ò sì yá láti yin ènìyàn. Mo rò pé ó ti mọ́ mi lára, àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin gbé ajá kan dé.

Ìfọ́n ni àbúrò mi ń gbé. Ìdílé àwọn tó ti Gánà dé ló fẹ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún ọjà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni òun sì ti ń sin ajá tà. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì ṣí táwẹ́ẹ̀lì tó gbé dání. Ọmọ ajá kan ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, irun rẹ̀ ká kókó bíi ti ọmọ tuntun.

"Àdàlù ni, Bàbá. Púdù, ajá òyìnbó onírun kíká, ni ìyá rẹ̀; Lásà, ajá òyìnbó kúkurú onírun gígùn, ni bàbá rẹ̀. Irun rẹ̀ kì í já sílẹ̀, kò sì ní tóbi ju ológbò lọ."

"Ṣé ó máa ń gbó?" Bàbá bi í.

"Díẹ̀díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ènìyàn. Kò ní kúrò lẹ́sẹ̀ yín."

Bàbá, tí kò jẹ́ kí ajá kankan wọ pálọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, na ọwọ́ gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn lọ́wọ́, inú mi sì bàjẹ́ lójijì.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti iṣẹ́ dé tí mo kí wọn, èsì tí mò ń gbọ́ ni pé ajá ò tíì jẹun. Kóòmù ara wọn ni wọ́n fi ń ya irun rẹ̀, torí pé bí wọn ò bá yà á, ńṣe ló ń ta kókó. Wọ́n ń nu omi tó ń jáde lójú rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á ní kí n tan fáànù sí i. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní, "Ọmọ mi tó wà ní Ìfọ́n ló mú un wá." Ọmọ wọn tó wà ní Ìlobù á sì gbé omi tútù fún àlejò.

Mo ní ajá tèmi, abo pupa kan, ajá ilẹ̀ wa onírun kúkurú tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní bó bá jẹ́ àdàlù ni Bàbá fẹ́, èmi náà á ṣe é. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ẹ̀rìn ní akọ Lásà. Nígbà tí abo mi ń wá akọ, mo gbé e lọ síbẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ máruwá. Akọ kúrú, abo ga. Ẹlẹgbẹ́ mi ní láti to bíríkì kí akọ lè rí ibi dúró lé. Gbogbo bí a ṣe ń ṣe é, ọmọ ajá onírun kíká ni mò ń rí lójú mi, tí màá gbé lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó yá, abo mi bímọ, irun ìkankan nínú àwọn ọmọ náà ò ká. Mo pe dókítà ẹran.

"Kò sẹ́ni tó lè yan ohun tí ọmọ máa gbé, mà," ló wí. "Òmíràn á gbé irun ìyá, òmíràn á gbé ẹsẹ̀ bàbá. Irun tó ká yẹn, ọ̀dọ̀ púdù ló ti ń wá, ẹ ò sì fi púdù sí i."

Mo yan èyí tó dára jù, pupa kan tó ní irùngbọ̀n bíi ti àgbàlagbà, mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Ajá dáadáa ni," wọ́n wí. "Mú un lọ bá ìyá rẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti sunkún.

Kò pẹ́ ni wàhálà ilẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún ru sókè, ọ̀nà sì dí. Àbúrò mi ò lè wá mọ́, àfi kó pè lórí fóònù. Mo rò pé Bàbá á padà di tèmi nìkan. Ńṣe ni wọ́n tún gbá ajá yẹn mọ́ra sí i.

Nígbà tí ọ̀nà là, àbúrò mi dé, ó ti rù. Ó bá mi lẹ́yìnkùlé, ó sì gbé ajá onírùngbọ̀n náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní eléyìí."

"Ajá olówó ńlá kún ilé rẹ. Kí lo fẹ́ fi eléyìí ṣe?"

"Ooru ń yọ àwọn tèmi lẹ́nu, etí wọn sì tètè máa ń kẹ̀." Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Ilé tí Bàbá wà sì ni eléyìí ti wá."

Mo ní kó má dà mí láàmú, òun àti ajá rẹ̀ ni Bàbá fẹ́ràn.

Ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ láàárọ̀. Bí mo bá pè, wọ́n á ní àwọn ń jẹun, ẹ̀yin lẹ sì se é. Nígbà tí ọ̀nà dí, mo jowú yín débi pé mi ò lè jẹun dáadáa. Kí n lè ní nǹkan kan nínú yàrá wọn ni mo ṣe mú ajá yẹn wá."

Owú mi ò lọ, ṣùgbọ́n mo gbé ajá náà sínú páálí fún un.

Ní báyìí, ó máa ń pè láti sọ pé ajá náà ti lé eku kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé ìyá ọkọ òun ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ lórí fóònù pé, "Ajá ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn gbọ́n."

Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n tún un wí. Wọn ò tún un wí. Wọ́n pè mí, wọ́n ní omi ti tán nínú abọ́ ajá àwọn.