Ehoro Méjì Nínú Píjò Kọngílá

Lọ́jọ́ tí wọ́n rán mi lọ parí ìjà ehoro, ọdún mẹ́rin ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ ehoro, n kò sì parí ìjà kankan láàárín wọn rí, àfi èyí tí ọ̀bẹ bá parí. Iṣẹ́ wa ní ọ́fíísì ẹran ọ̀sìn ní Àgbádárìgì kò le láti ṣàlàyé. Owó epo ń ya wọlé nígbà náà, ìjọba ní kí gbogbo ilé sin ehoro kí ẹran lè pọ̀ nílùú. Wọ́n gbà wá síṣẹ́, wọ́n fún wa ní kóòtù funfun àti bàtà rọ́bà. Mo mọ bí a ṣe ń wo abẹ́ ehoro kí a tó mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Mo mọ ewé tí yóò jẹ tí yóò fi tètè sanra. Mo mọ bí a ṣe ń bó awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé èèyàn gidi lè máa sin ehoro kó sì máa pè é lórúkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa ní ọ́fíísì yọjú sí mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ abẹ́ kéèjì.

“Ìyá Káyọ̀dé, mọ́tò ń dúró dè yín níta. Kọngílá kan ní Ibereko ní ehoro méjì, wọ́n ń jà.”

“Ṣé kí n lọ bá wọn pa ọ̀kan ni, sà?”

“Rárá o. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá bá wọn là á.”

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ bàtà rọ́bà, mo wọ sálúbàtà, mo lọ.

Ègùn ni kọngílá náà, ọmọ ìlú Àgbádárìgì, tó ń gba iṣẹ́ ilé ìwé àti gọ́tà ṣe lọ́wọ́ ìjọba. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, Sẹ̀nàmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí ló tún fẹ́ tíṣà kan láti Abẹ́òkúta, opó ni òun náà. Tíṣà mú ọmọ tirẹ̀ wá, Bísí, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ehoro tirẹ̀. Ti Sẹ̀nàmi funfun, ó sì tóbi. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́nẹ́rà, nítorí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ló ń fún un níṣẹ́. Ti Bísí dúdú, kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ, ìyá àgbà rẹ̀ ló fún un l'Abẹ́òkúta. Súúrù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò tíì kì í mọ́lẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ehoro wọn ló ń bá ara wọn sọ ọ́, eyín ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́.

Kọngílá fẹ́ kí ehoro méjèèjì máa gbé inú kéèjì kan. Ó ní ìdílé kan ni gbogbo wọn ti di báyìí, òun kò lè máa ní kéèjì méjì lẹ́yìnkùlé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ti pín. Mo gbé àwọn ehoro náà dojú sókè, mo wo abẹ́ wọn, abo ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wá di kókó sí mi lọ́wọ́. Òfin wa ní ọ́fíísì ni pé abo là ń gbé lọ bá akọ, torí abo kì í fẹ́ rí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ta ni kí n wá gbé lọ bá ta ni?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Mo rò ó pé Jẹ́nẹ́rà ló ni ilé, Súúrù ló ń bọ̀ wá bá a, nítorí náà Súúrù ni ìyàwó tuntun. Bí a sì ṣe ń gba ìyàwó tuntun wọlé kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí wọ́n mú èmi náà délé ọkọ ní Aradagun, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ mi. Mo bá ní kí wọ́n bu omi wá. Mo jókòó síwájú kéèjì Jẹ́nẹ́rà tòun ti kóòtù funfun ìjọba lọ́rùn mi, mo ń wẹ ẹsẹ̀ ehoro, mo sì ń ṣàdúrà kí ilé tù ú lára. Ẹsẹ̀ méjì péré ni tèmi lọ́jọ́sí. Mẹ́rin ni ti Súúrù, kò sì fẹ́ kí n wẹ ìkankan níbẹ̀. Ó gé mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tì í wọlé bẹ́ẹ̀, ó tutù rin, ó ń gbọ̀n. Kí n tó pa ilẹ̀kùn dé, irun funfun àti irun dúdú ti ń fò lókè. Nígbà tí mo fi máa yọ Súúrù, etí rẹ̀ kan ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí kóòtù mi. Ó yẹ kí n ti rántí pé wọ́n wẹ ẹsẹ̀ tèmi náà, èmi àti ìyá ọkọ mi sì jà lọ́jọ́ kẹta.

Kọngílá dúró lẹ́yìn mi. “Ìyá Káyọ̀dé, mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí wọn ò bá lè gbé pọ̀, pẹ́pẹ́ súùpù ni mo máa fi dúdú yẹn ṣe.”

Bísí kò sunkún. Ó gbé Súúrù mọ́ àyà, ó wo ọkọ ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Ẹ pa á o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa á ni màá padà sọ́dọ̀ màmá àgbà mi.” Ó wọlé lọ di àpò rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé, níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti máa rí i.

Ìyá rẹ̀ sìn mí dé géètì. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń là ketekete ni, bí gbogbo tíṣà, ṣùgbọ́n ó rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n má baà gbọ́ nínú ilé. “Ẹ jọ̀ọ́ mà. Tí ọmọ yẹn bá lọ, mo máa tẹ̀ lé e. Mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ nítorí ọkọ. Ẹ sì wò ó, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.”

Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ ehoro ni ìjọba gbà mí sí, mo wá di ẹni tó di ilé onílé mú. Àánú obìnrin náà sì ṣe mí gan-an, torí èmi mọ bí ó ti ń rí kéèyàn wà nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọdún kọkànlá nìyẹn tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìkòkò kaná. Màmá wọlé, wọn ò kí mi, wọ́n sọ ìkòkò mi kalẹ̀, wọ́n gbé tiwọn sí i.

“Ìyàwó, ibi tí mo máa ń gbé ìkòkò mi sí nìyẹn.”

Mo ti la ẹnu láti fèsì bí mo ti máa ń fèsì láràárọ̀. Mo wá wo àyíká. Àdògán tiwọn ni, àpótí ìjókòó tiwọn ni, èéfín tó dúdú lára ògiri yẹn, àwọn ni wọ́n dá a kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Kò sí igun kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n tilẹ̀ fi gbogbo omi òkun wẹ ẹsẹ̀ mi, àlejò ni n óò máa jẹ́ níbẹ̀. Mo gbé ìkòkò mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Mo rántí pé ehoro máa ń fi àgbọ̀n ra gbogbo ohun tó bá ní, ó ń fi òórùn ara rẹ̀ sàmì sí i. Ilé ni wàhálà, kì í ṣe àwọn ehoro.

Mo padà sí Ibereko, mo ní mò ń wá ibi kan tí Jẹ́nẹ́rà kò dé rí, tí Súúrù náà kò dé rí. A wá gbogbo ilé. Pálọ̀, Jẹ́nẹ́rà ti tọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. Ilé ìdáná, ó ti fi àgbọ̀n ra gbogbo ẹsẹ̀ tábìlì. Yàrá àwọn ọmọ kò ṣeé dárúkọ. Ibi kan ṣoṣo ló kù. Kọngílá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Píjò tuntun, ọ̀rá tí wọ́n fi bo àwọn ìjókòó rẹ̀ ṣì wà lórí wọn, kò sì tíì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá jókòó sínú rẹ̀, ó ní ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Nínú mọ́tò mi?” ni kọngílá wí.

“Òun nìkan ni kò tíì ní onílé nínú ọgbà yìí, sà.”

“Èmi ni mo ni ín.”

“Lójú ehoro ni mò ń wí, sà.”

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Kọngílá fẹ́ bínú, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára àpò Bísí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fọwọ́ pa irun orí rẹ̀, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò náà. Èmi wà níwájú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ ehoro wà láàárín wọn. A gba ojú títì tuntun, a kọrí sí Ijanikin. Ehoro kì í fẹ́ kí ilẹ̀ máa mì lábẹ́ òun, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ohun tó bá wà nítòsí ló máa ń rọ̀ mọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ pa wọ́n lára, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. A ti kọjá Aradagun kí Sẹ̀nàmi tó la ẹnu, pẹ̀lú Yorùbá Ègùn rẹ̀ tó máa ń fa gbólóhùn gùn.

“Tìẹ ti yàgbẹ́.”

“Tìẹ náà ti yàgbẹ́,” Bísí wí.

Kọngílá gbójú sókè sínú dígí. “Ṣé orí ọ̀rá ni àbí orí ìjókòó?”

“Orí ọ̀rá ni, bàbá,” àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rá ti ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí ìjókòó ló wà. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn, wọ́n wò mí. Mo yíjú padà síwájú. Bísí kò pe ọkùnrin yẹn ní bàbá rí. Kọngílá gbọ́ ọ, ó dín eré mọ́tò kù, bẹ́ẹ̀ la ń rọra lọ títí a fi dé Ijanikin, àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè sí wa lẹ́yìn, kò sì dá wọn lóhùn. Nínú apẹ̀rẹ̀, Jẹ́nẹ́rà ti ki imú bọ abẹ́ ọrùn Súúrù.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe ìrìn àjò yẹn lójoojúmọ́. Bí a bá délé, a ó pààrọ̀ àkísà tí wọ́n ń sùn lé, kí òórùn ẹnìkejì lè mọ́ oníkálukú lára. Mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ra iwájú orí wọn kí wọ́n lè máa lá ara wọn láìmọ̀ pé inú rere ni wọ́n ń ṣe. Káfíńtà kan kéèjì tuntun, a gbé e sábẹ́ igi àgbọn níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, gbogbo ilé dúró yí kéèjì ká. A sọ wọ́n sínú rẹ̀ pa pọ̀. Súúrù rìn lọ bá Jẹ́nẹ́rà, ó tẹ orí rẹ̀ ba mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Jẹ́nẹ́rà dúró, ó rò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá a lórí, dé ibi etí tó ti ya lọ́jọ́sí. Ìyá Bísí mí kanlẹ̀.

“Ẹ rí i?” kọngílá wí, inú rẹ̀ dùn. “Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún Jẹ́nẹ́rà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo wí.

N kò jẹ́ parọ́ fún kọngílá, ṣùgbọ́n n kì í tú àṣírí ehoro. Láàárín àwọn ehoro, èyí tó bá tẹrí ba, òun ni ọ̀gá. Ohun tó ń wí ni pé, wá tún irun mi ṣe. Èyí tó ń lá a ni ìránṣẹ́. Bísí wọlé lọ, ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Owó epo wá rọlẹ̀. Iṣẹ́ gọ́tà tán, kọngílá ń gbé Píjò yẹn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọ̀rá ti kúrò lórí rẹ̀, bí oòrùn bá sì mú, òórùn ehoro a máa jáde níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìjọba gbàgbé ehoro, àwọn adìyẹ wá ń yé ẹyin sínú kéèjì wa. Mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi àti ọkọ mi sì kọ́ ilé kékeré kan sí Ibereko. Màmá ti darúgbó, wọn ò lè dá gbé, wọ́n ń bọ̀ wá bá wa gbé.

Mo kó dé ilé náà ṣáájú wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. N kò tú ìkòkò kankan jáde nínú páálí, n kò dá iná. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin la ń rà jẹ. Ọkọ mi bi mí bóyá ara mi kò yá.

Nígbà tí Màmá dé, mo mú wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ kan náà la fi wọ ibẹ̀. Wọ́n wo ògiri funfun, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn ibẹ̀.

“Ta ló ti dáná níbí?”

“Kò tíì sí, mà.”

Wọ́n fa àpótí kan sí àárín ilé, wọ́n jókòó, wọ́n tú gèlè. Láti ọdún tí mo ti wọlé wọn, wọn ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan orí wọn rí. Wọ́n tẹ orí ba síwájú mi.

“Ìyàwó mi, wá bá mi di irun yìí.”

Mo mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Mo mú ìyarun, mo jókòó sẹ́yìn wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya á.