Ṣíbí Epo Efinrin Kan

Ẹni tó bá ń gba abúlé kékeré tó wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá kọjá lọ́sàn-án yóò gbọ́ òórùn iṣẹ́ Múyì kó tó rí Múyì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé tó háyà lọ́wọ́ ìdílé Màmá Rùkáyátù ló ti ń se ewé nínú dúrọ́ọ̀mù dúdú. Ooru ewé náà á gba páìpù kọjá nínú omi tútù, á di omi padà, epo á sì léfòó sórí omi náà. Efinrin inú igbó ló ń sè jù, fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Àpò ewé kan kì í mú epo tó kún ìgò oògùn ojú wá.

Òun nìkan ni kì í gbọ́ òórùn náà. Látìgbà tí àrùn kòrónà ti ṣe é, imú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì ń dùn ún, nítorí imú ló fi ń mọ ohun tó sè. Ó kọ́ ọ ní Pólì pé efinrin méjì lè jọra bí ìbejì kí epo wọn má jọra rárá. Táímọ́ọ̀lù tó ń rùn bíi táìmù á pọ̀ nínú ọ̀kan, yújẹ́nọ́ọ̀lù tó wà nínú kànáfùrù á pọ̀ nínú èkejì. Ewé tó ń já ti wá ń ti oko oríṣìíríṣìí wá, kò sì mọ èyí tó wà nínú ìgò wo mọ́.

Ó fún Màmá Rùkáyátù ní ìgò kan, pé kí wọ́n máa kán díẹ̀ sínú òróró fi pa orúnkún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó gbọ́ igbe nínú ilé. Ó sáré wọlé. Yasir, ọmọ-ọmọ Màmá, tí kò tíì pé ọdún kan, ló nà sórí itan wọn, tí ọrùn rẹ̀ rọ jọwọrọ. Kifayah, ìyá ọmọ náà, ti lọ ra tòmátì ní Ṣáṣá.

"Kí lẹ fún un, Mà?"

"Inú ló ń run ún. Efinrin mà ni! Ṣé kì í ṣe efinrin la fi wo ìwọ náà dàgbà?"

"Èyí tó wà nínú ìgò?"

"Ṣíbí kan péré."

Múyì mú ìgò náà sápò. Ewé tó lè kún apẹ̀rẹ̀ ńlá ló wà nínú ṣíbí kan yẹn.

Bàbá Gàfárù, àbúrò ọkọ Màmá, ti gbé epo pupa dé. "Ẹ la ẹnu ẹ̀! Ẹ jẹ́ kó bì í!"

Múyì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ náà. "Ẹ má ṣe é, Bàbá. Tó bá bì, epo inú ìgò yẹn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀."

"Ìwọ tó o gbé májèlé wọlé! Gbọ́wọ́ ẹ kúrò kí n tó fọ́ ọ létí."

"Tá a bá dé ọsibítù, ẹ fọ́ méjèèjì, sà."

Màmá wo Bàbá, wọ́n wo Múyì. Wọ́n dìde, wọ́n gbá ọmọ náà mọ́ àyà. "Lọ gbé ọ̀kadà ẹ."

Ní gbogbo kòtò tó wà lọ́nà, Màmá ń kígbe lẹ́yìn Múyì: "Yasir! Má sùn o! Yasir!" Ọmọ náà ò dáhùn.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Adégbayì, Dókítà Ọmọ́ṣọlá gbé ìgò náà sókè. "Kí ló wà nínú èyí?"

"Efinrin ni, Mà."

"Mo gbọ́. Kí ló wà nínú efinrin ọ̀hún? Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀."

Múyì ṣí ìgò, ó fà á símú. Bí ẹni ń gbọ́ òórùn omi ni. Dókítà ti padà sórí ọmọ náà. Múyì na ìgò sí Màmá.

"Ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀, Màmá."

Wọ́n yíjú kúrò. "Mi ò fẹ́ fojú kan ìgò yẹn mọ́."

"Nítorí Yasir, Mà."

Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sí imú. "Kànáfùrù ni."

"Ṣé kì í ṣe bíi táìmù tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀?"

"Ṣé n ò mọ kànáfùrù ni? Mo ní kànáfùrù ni!"

"Yújẹ́nọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù níbẹ̀, Dókítà," ni Múyì wí. Dókítà ti ń ké sí nọ́ọ̀sì kó gbé omi ṣúgà àti oògùn ẹ̀dọ̀ wá.

Ọmọ náà gan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí Màmá àti Múyì jáde. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kifayah, tí Bàbá Gàfárù ti pè lórí fóònù, dé bá wọn níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já. Bó ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé ni wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ, ẹkún tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò.

Dókítà pè wọ́n wọlé. "Ṣúgà ara rẹ̀ tó já wálẹ̀ ti gòkè padà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ la ó máa ṣọ́ báyìí."

Kifayah gbé ọmọ náà. "Ta ló fún un?"

Múyì la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá ti sọ̀rọ̀. "Èmi ni."

Kifayah wo ìyá ọkọ rẹ̀ títí. Nọ́ọ̀sì ní àwọn tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹnì kan di ọmọ náà mú dáadáa. Kifayah ò lè wo abẹ́rẹ́. Ó sún mọ́ Màmá, ó rọra gbé Yasir lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá mi dì í mú, Mà."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọn ò gbójú sókè títí abẹ́rẹ́ fi wọlé.