Ọwọ́ Tí Fàósátù Fi Ń Yí Bọ́ọ̀lù

Iṣẹ́ tí Fàósátù ń ṣe jẹun, ìyá rẹ̀ kò tíì rí i ṣàlàyé fún aládùúgbò kankan kó yé e. "Wọ́n á to igi mẹ́wàá síbì kan," ni Ìyá Mùktárù máa ń wí ní ojúlé wọn l'Éjìgbò. "Ọmọ mi á yí bọ́ọ̀lù ńlá lọ bá wọn, wọ́n á wó. Ẹ̀rọ á tún tò wọ́n padà. Á tún wó wọn." Bí ẹnì kan bá wá bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fi àwọn igi náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, màmá á ní kó lọ bi àwọn tó gbà á síṣẹ́.

Eré bóòlìn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe eré tí ọmọ alágbàfọ̀ máa ń ṣèèṣì bá pàdé lójú ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ni Fàósátù wà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń di ọjà sínú páálí. Lópin ọdún, ọ̀gá wọn kó wọn lọ ṣe fàájì ní gbọ̀ngàn kan ní Àgọ́ Palace, lókè ilé ìtajà, níbi tí ọ̀nà pákó mẹ́jọ ti tẹ́ lọ gbọọrọ, tí wọ́n ń dán. Wọ́n ní kó ti ìka bọ ihò mẹ́ta tó wà lára bọ́ọ̀lù, kó yí i. Ìgbà mẹ́fà ló yí i, ìgbà mẹ́fà ló já sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ jẹ ìrẹsì wọn. Fàósátù kò jẹ ìrẹsì. Igi mẹ́wàá yẹn bí i nínú débi pé nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dá wọkọ̀ padà lọ bá wọn.

Ibẹ̀ ni Kóòṣì Olúwaṣẹ́gun ti rí i, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láìjù ú mọ́lẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Fàósátù kò sì wo tirẹ̀. Tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ òwúrọ̀ ní ilé bọ́kẹ́ẹ̀tì, á gba Àgọ́ Palace lọ tààrà. Nígbà tó tó ọdún márùn-ún, gbọ̀ngàn náà gbà á pé kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ó sì kí páálí pé ó dàbọ̀. Ó ń díje n'Íbàdàn, ó ń díje l'Ábújá. Ẹni kẹta, ẹni kẹfà, ẹni kẹrin, ẹni keje. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣojú Èkó ló fẹ́ wọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ń yan èèyàn, ẹnì kan tàbí méjì ló máa ń bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Kóòṣì kò mọ̀ ni pé ọwọ́ tó ń kọ́ látọjọ́ yìí kọ́ ni ọwọ́ iṣẹ́.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Fàósátù. Láti kékeré ló ti ń fi òsì jẹun, tó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Ìyá Mùktárù dàgbà n'Ísẹ́yìn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni yóò wí. Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, á fa aṣọ kan ya, á fi de ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀ títí yóò fi jẹun tán. Kò ṣe é níkà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù ọjọ́ tí ìyá ọkọ kan yóò bèèrè pé ta ló kọ́ eléyìí nílé. Ọdún méjì ló fi ń dè é. Nígbà tí Fàósátù fi máa wọ iléèwé, ọ̀tún ló fi mú pẹ́ńsùlù.

Lọ́dún tó kọjá, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún yẹn rọ́. Kóòṣì ní kò gbọ́dọ̀ yí bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ́ èèyàn, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn han òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó fi òsì gbé bọ́ọ̀lù kan tó wà nítòsí, ó rìn, ó fi í sílẹ̀. Igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wó. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ pàtẹ́wọ́. Kóòṣì dìde lórí àga.

"Tún un yí."

Ó tún un yí. Mẹ́sàn-án wó.

"Ta ló kọ́ ẹ ní tòsì?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Fàósátù, látọdún mọ́kànlá lo ti ń tan èmi àti ara ẹ jẹ."

Wọ́n lu ihò sára bọ́ọ̀lù tuntun fún ọwọ́ òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe agbára nìkan ló wà níbẹ̀. Òróró ni wọ́n máa ń fi pa ojú ọ̀nà náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òróró yẹn ló sì ń darí bọ́ọ̀lù. Ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, apá kan náà ni bọ́ọ̀lù wọn ń gbà, wọ́n á sì máa nu òróró ibẹ̀ lọ títí ọ̀nà á fi dàrú mọ́ gbogbo wọn lójú. Apá òsì ńkọ́? Bí wọ́n ṣe pa á láàárọ̀ ló máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni keje fi di ẹni kejì n'Íbàdàn.

Ayọ̀ ló yẹ kí èyí jẹ́, bí kì í bá ṣe ti àdúà. Fàósátù kì í lọ síbi ìdíje láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Màmá á di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, á máa fi ìka ra á, á ṣàdúà sórí rẹ̀ títí orúnkún ọmọ á fi máa ro ó. Lẹ́yìn tó ti pa ọwọ́ dà, ọ̀tún náà ló ṣì ń nà sí màmá. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe àmín, ọwọ́ òsì wà lábẹ́ ìbòrí. Nígbà tó ti Ìbàdàn dé, màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí gbogbo ayálégbé wá wo ọwọ́ tí Ọlọ́hun gbọ́ àdúà sí. Fàósátù rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ṣe é bíi pé ó jí àdúà náà ni.

Ó bẹ Mùktárù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun sọ ọ́. Mùktárù ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n dè lọ́wọ́." Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, bí ẹni ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé gbogbo làálàá tó ṣe lórí òun lọ́mọdé, òfo ni. Ó sì ń bẹ̀rù pé bí màmá bá mọ̀, kò ní ṣàdúà sórí òsì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n tún fẹ́ yan ẹgbẹ́ Èkó, nínú gbọ̀ngàn Àgọ́ Palace yìí kan náà. Obìnrin méjìlá ló wá, abala mẹ́fà ni wọ́n máa ta, mẹ́rin ni wọ́n máa mú. Fàósátù ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó mọ̀ pé bí ti ọ̀tẹ̀ yìí bá tún bọ́, kò dájú pé wọ́n tún máa pe òun.

Ó ń nu bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tó rí Mùktárù lẹ́nu ọ̀nà, ìyá wọn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn. Kò dé ibẹ̀ rí. Mùktárù ní òun fẹ́ fi ya àbúrò òun lẹ́nu ni. Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. Màmá lọ jókòó sí àga iwájú pátápátá.

Fàósátù dá bọ́ọ̀lù òsì padà sínú báàgì, ó mú ti ọ̀tún.

Abala àkọ́kọ́, ó gba àmì mọ́kàndínlógóje. Ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Ẹni kẹwàá ni, nínú méjìlá. Wọ́n ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, Kóòṣì sì wá dúró tì í.

"Ṣé ara ẹ yá?"

"Màmá mi ló wà níbẹ̀ yẹn, sà."

"Mo ti kí wọn. Àwọn kọ́ ló ń díje." Ó wo báàgì tó wà nílẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀.

Fàósátù rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Igi yẹn ò wó dáadáa lónìí," ni màmá wí.

"Wọn ò wó, mà." Ó yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ ìbòrí, ó nà án síwájú. "Ẹ má bínú, Màámi. Ọwọ́ tí mo fi ń yí i nìyí. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni mo ń gbé wá gba àdúà yín."

Màmá kò dì í mú. Ó kàn ń wò ó. Mùktárù yíjú sí fóònù rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni màmá wí.

Fàósátù gbójú sókè.

"Ọjọ́ wo ni mo ti ń di ọ̀tún ẹ mú? Àtàǹpàkò ẹ le bíi gìgísẹ̀ nítorí ihò bọ́ọ̀lù yẹn. Lẹ́yìn iléyá, mo dì í mú, ó ti ń rọ̀. Ìgbà tí o ń lọ Ìbàdàn, ó ti rọ̀ bíi tọmọ ọwọ́. Alágbàfọ̀ ni mí, Fàósátù. Mo mọ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, mà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí o mú un wá? Èmi ni mo dè é. Ojú ń tì mí."

Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gba òsì náà, ó fi ìka kan awọ líle tó wà lára àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Omi ń dà lójú Fàósátù, kò sì nù ún. Kóòṣì pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó wá fúnra rẹ̀, ó dúró títí àdúà fi parí, ó sì bá wọn ṣe àmín.

Abala mẹ́rin ló kù. Ó fi òsì ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmì rẹ̀ lé ní igba nínú mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni kẹrin ni, àmì méje péré ló fi ju ẹni karùn-ún lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Hassanat tó ń gbé yàrá kejì ti gbọ́. Ó sáré jáde, ó di ọwọ́ ọ̀tún Fàósátù mú, ó fẹ́ gbé e sókè bí màmá ṣe máa ń gbé e. Ìyá Mùktárù gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìyẹn," ló wí. "Ọlọ́wọ́ òsì ni mo bí."