Orúkọ Iléèwé Kì Í Ṣílẹ̀kùn ní Hamburg

Ẹnu Ràdíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lọ́dún 2018. Ẹnjiníà ni ní Hamburg, àmọ́ ilẹ̀ Faransé ló ti kàwé. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níléèwé náà ní kó máa tọ́ àwọn ọmọ tó ń wáṣẹ́ ní Jámánì sọ́nà.

"Ẹ má fi orúkọ iléèwé wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí. Ohun tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ."

Wọn a kọ etí ikún.

Ó mú Bastien, ọ̀kan nínú wọn, lọ bá Anna, tó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe pọ́ǹpù omi ní àdúgbò Veddel. Anna ní kó sọ nípa ara rẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ bí kò ṣe orúkọ iléèwé!

Anna bi í pé, "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè?"

Ràdíátù fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìgbà yẹn ni Bastien tó rántí sọ̀rọ̀ nípa pọ́ǹpù tó ṣe fún oko bàbá rẹ̀ àgbà. Ojú ẹsẹ̀ ni Anna gbà á síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bastien kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́: "Orúkọ iléèwé wa ló ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Kò pẹ́ tí ọmọ mìíràn fi pe Ràdíátù láti Berlin. Orúkọ iléèwé ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ràdíátù mí kanlẹ̀. "Ṣó o mọ oúnjẹ sè?"