Erékùṣù Tí Wọn Kì Í Ti Í Pariwo

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Bàbá mi ti ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ti wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, irú èyí tó ń bá ìjọba gbálẹ̀ ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà gàràǹtí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó bíríkì. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú láyé owó epo rọ̀bì yóò rántí: gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣàdédé ga sí i. Akọ̀wé ni bàbá mi. Ó ti ra ilẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ti pinnu pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò kọ́ síbẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé, "Ẹni tí kò ní àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa wo ayé." Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, gbà á gbọ́ pátápátá. Mo ti yan yàrá mi lókè.

Pákó ló kù. Gbogbo Èkó ló ń kọ́lé nígbà náà, pákó sì di ohun àwátì. Bàbá mi bá rántí erékùṣù àwọn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀sà, lẹ́yìn Ìgàndó, tí igi àfàrà àti arère kún bò. Ó wá Àlàájì kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń ta pákó n'Íkòtún. Àlàájì yóò gé igi méje, yóò la mẹ́ta fún bàbá mi, yóò sì kó ìyókù lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń gbé etí omi, ni yóò tu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débẹ̀. Bàbá mi kàn sọ fún un pé a fẹ́ wo igbó ni.

Kí ọkọ̀ tó forí sọ èbúté, Ìyá Àgbà fi ìka kan ètè. Nígbà ogun, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí. Wọn kì í gún iṣu, wọn kì í bá ọmọ wí sókè, torí omi a máa gbé ohùn lọ bá ọ̀tá. Ogun ti tán tipẹ́, àfọ́kù ìkòkò wọn ló kù láàárín gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ mọ́. Lékeléke funfun báláú lórí ẹ̀ka. Ilẹ̀ ń rùn bí ewé tó ti jẹrà láìmọye ọdún.

Ìyá Àgbà ní ká bọ́ bàtà. Bàbá mi kò bọ́ tirẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹrẹ̀ gba bàtà òsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń gbé òkè, tí èkejì ń gbé ìsàlẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde, ó ń fa àmì sára igi bí olùkọ́ tó ń máàkì ìwé. Nígbà tó kan èyí tó ga jù, Ìyá Àgbà béèrè wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àmì kí nìyẹn?"

Bàbá mi ṣàlàyé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìjà tí eṣinṣin tó bà sí wa léjìká kò lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," Àlàájì sọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, "igi méje péré ni. Igbó ò ní mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ò ní mọ̀, Àlàájì. Igbó á mọ̀."

"Ìyá mi, ìdàgbàsókè ni," bàbá mi wí. "Ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè wa..."

Nílé, ọ̀rọ̀ yẹn a máa dún lẹ́nu rẹ̀ bí ìbọn. Níbí, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ ló rí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá kan wà tí kò lè dá dúró tí a kò bá pariwo wọn.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé igi náà. "Ọjọ́ tí mo bí ọ ni bàbá rẹ gbé olùbí tó tẹ̀lé ọ wáyé wá rì síbí, ló gbin èyí lé e. Àwọn yòókù náà, igi ọmọ ẹlòmíràn ni." Ọmọ kékeré ni wọ́n mú bàbá mi lọ sílé olùkọ́ kan l'Ékòó; kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Àlàájì wo igi náà látòkè délẹ̀, ó wo bàbá mi náà látòkè dé ẹsẹ̀ òsì. "Ọ̀gá akọ̀wé," ó ní, "mi ò gé èèyàn rí o."

Bàbá mi yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó sì ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, láti igi kan dé òmíràn.

Èmi ni inú mi bàjẹ́ jù. Mo ń wo yàrá mi tó ń bá ṣọ́ọ̀kì lọ. Ìyá Àgbà tún wá bi bàbá mi pé níbo ló rì olùbí tèmi sí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí mi sí. Àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ ibi tí wọ́n dà á sí. Bàbá mi fa ọmọ àfàrà kan tu, tí kò ga tó orúnkún mi, ó ní kí n gbìn ín. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà tìbínútìbínú, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sin ọ̀tá.

Ilé ilẹ̀ ni bàbá mi kọ́ s'Ẹ́gbẹ́dá nígbẹ̀yìn. Èmi ti kàwé débi tí oyè mi fi gùn ju orúkọ mi lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo padà lọ wo igbó náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá ta gbogbo rẹ̀ nítorí fèrèsé kan lókè. N kò dá a lẹ́bi, kò sì dá mi lójú pé mo fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Mo fi apá méjèèjì gbá àfàrà mi mọ́ra, ọwọ́ mi kò kan ara wọn. Ìbínú ni mo fi gbìn ín. Ó hù náà ni.