Apá Tó Ní Ó Ṣófo

Inísà ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lẹ́mìí. Olùkọ́ kan tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bi í pé èwo ni kí òun ṣí, Windows àbí Linux. Ẹ̀rọ kan, ọpọlọ méjì! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti pín tèmi náà sí méjì. Mo ń fi Windows ṣiṣẹ́ ajé. Apá Linux ni mo kó ohùn màmá mi sí, orin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kànlélógójì tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn ní Òkukù kí wọ́n tó papò dà.

Nígbà tí bọ́tìnnì kan lára kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́, mo gbé e fún atúnṣe kan ní Ìkìrun. Nígbà tí mo padà, ó ń jẹ àkàrà, ó ń fi ìka elépo tẹ ẹ̀rọ mi.

“Ọ̀gá, apá kan wà tó ṣófo. Windows ní òun ò lè kà á, ṣé kí òun nù ún? Mo ní kó nù ún jàre. Àyè ti gbà yín báyìí!”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?”

“Háà, ọpẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ dá.”

Ó lá ìka rẹ̀, ó tún fi tẹ ẹ̀rọ. Ohùn màmá mi ló ń pè ní òfìfo.

Ohun tí a bá nù kì í tètè kúrò nínú dísíìkì tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí. Mo pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí nǹkan mìíràn má baà kọ lé àwọn orin náà lórí. Nílé, mo so dísíìkì rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, mo ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi sípíríìtì nu gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀rọ mi, síbẹ̀ ó ṣì ń rí mi lára láti fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú orin mọ́kànlélógójì, mẹ́tàdínlógójì ti padà.