Ọ̀rá Abẹ́ Ìdérí Rádíétọ̀

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá mẹkáníìkì ò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi pariwo bẹ́ẹ̀. Mọ́tò wa ń hó ṣàà lábẹ́ igi máńgòrò wọn ní Agbowó, òórùn irin gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀ kan, màmá mi sì ti ká aṣọ mọ́wọ́ láti ṣí ìdérí rádíétọ̀. Wọ́n fa ọwọ́ padà. Bàbá bá fa kẹ́tù omi wọn mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá wa wò ó ná."

"Kí n tó kírun Alásàárì tán, á ti tutù. Tí kò bá tíì tutù, màá fi tẹ̀sùbáà kún un."

Màmá mi pòṣé. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bàbá yìí lè mú orí ẹni gbóná ju mọ́tò lọ. Wọn kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ tó bá ṣì ń gbóná, wọn kì í sì í mú sípánà tí wọn ò bá tíì bi ènìyàn ní ìbéèrè tó lè sú àlùfáà. Àwọn oníkánjú máa ń fi ìbínú gbé ọkọ̀ wọn kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló kù fún wa. Ó ti tó oṣù méjì tí mọ́tò náà ti ń gbóná. Bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó kú, òórùn àtíkè wọn ṣì wà lára àga iwájú. Mẹkáníìkì kìíní, ní Ring Road, yọ tẹmostáàtì tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń lọ sínú rádíétọ̀, ó jù ú nù, ó ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe nílẹ̀ olóòrùn. Èkejì so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, kó lè máa fẹ́ láìsinmi. Ẹ̀kẹta ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ ti jóná, àfi kí òun tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ sú màmá mi. Wọ́n bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ìwó Road, ó ní òun á wá gbé mọ́tò náà ní Sátidé. Ọjọ́bọ̀ la wà yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ta mọ́tò bàbá mi. Ṣùgbọ́n mo tún ní ọ̀rọ̀ nínú. Èmi ni mo máa ń ṣí rádíétọ̀ wo omi láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé rọ́bà abẹ́ ìdérí ti já. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní èmi ni mo já a. Mo ká ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bí mo ṣe rí i táwọn awakọ̀ ń ṣe ní gáréèjì, mo fi há abẹ́ ìdérí, mo dé e pa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo panu mọ́.

Bàbá kírun tán. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n gbọn ọ́n, wọ́n fi sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọra ṣe.

"Ṣé tẹ́ ẹ bá ń sáré ló ń gbóná ni, àbí tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan?"

"Ìgbàkúùgbà ni, bàbá!"

"Ìgbàkúùgbà kì í ṣe èsì, màdáámù. Tó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ nìkan, màá wo fáànù. Tó bá jẹ́ lórí eré, màá wò ó bóyá ìdọ̀tí ti dí rádíétọ̀. Omi ń kọ́? Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò. A ṣáà ń bu omi sí i lójoojúmọ́ ni."

"Kò jò, ó sì ń dínkù." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún kàn án, wọ́n wá ṣí i. Ọ̀rá mi ti pọ́n, ó ti rún. Wọ́n fi ìka méjì gbé e sókè. "Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Àwọn mẹkáníìkì oníranù mẹ́ta tá a ti gbé e lọ bá náà ni," màmá mi dáhùn.

"Tó bá jẹ́ àwọn ni, a jẹ́ pé mọ́tò ti ń gbóná kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Àìsàn náà wà nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ẹ lè tà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rá yìí ló ṣáájú, ìdérí lásán ló ń dà yín láàmú. Ìdérí ló ń ki omi mọ́lẹ̀ kó má tètè hó. Tí kò bá dé dáadáa, omi á hó, á sì bá ooru lọ. Èwo ló ṣáájú?"

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀," mo ní. "Ó ti wà níbẹ̀ kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná."

"Oṣù méjì!" Màmá mi káwọ́ lérí. "Oṣù méjì ni mo fi ń fi òróró àdúrà pa bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò!" Ọwọ́ wọn ti gòkè. Mo ti dijú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá wí. "Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ṣí ìdérí yìí. Gbogbo wọn ló rí ọ̀rá, gbogbo wọn ló dá a padà síbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbá létí?"

Wọ́n fi ìdérí tuntun sí i, wọ́n wá tẹmostáàtì míì, wọ́n tú wáyà fáànù tí wọ́n so ní ìsọkúsọ, wọ́n sì da omi kànga tá a ti ń bù sí i nù, wọ́n rọ kúláǹtì, omi aláwọ̀ ewé tí kì í tètè hó, rọ́pò. Wọ́n ní kí n gbọ́wọ́ lé hósì òkè tó ń gbé omi lọ sínú rádíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, hósì tutù, ó pẹ́ títí, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Tẹmostáàtì wá ṣí, hósì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, fáànù sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. A wà á dé Bódìjà, a wà á padà. Ọwọ́ atọ́ka ìgbóná ò kúrò láàárín. Màmá mi pe ará Ìwó Road pé kó má bínú, àwọn ò tà mọ́.

Mọ́tò náà ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bàbá mẹkáníìkì ti ṣaláìsí báyìí, mi ò sì mọ iye ìgbà tí mo ti bú wọn nínú ọkàn mi nítorí ìjáfara wọn kí wọ́n tó lọ. Tí ọkọ̀ mi bá gbóná ní Challenge, àwọn ọmọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà á gbé gálọ́ọ̀nù omi sáré wá, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ ṣí i!" Mo máa ń káwọ́ mọ́yà, mo máa ń dúró kó tutù, kí wọ́n máa bú mi lọ. Ìyẹn ò ni mí lára mọ́. Ohun tó ṣì máa ń ni mí lára ni tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé tàbí níbi iṣẹ́, tí kálukú ń wojú ẹnìkejì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, mo máa ń tètè sọ èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.